Bí Mo Ṣe Pàdé Lìyónádò ní Springdale

Ọkùnrin tí màmá mi kórìíra jù lọ láyé yìí kò gbé àdúgbò wa rí, kò bá wa du ilẹ̀, kò sì mọ̀ pé a wà láyé. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé. Lìyónádò ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn, Màámi á pa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tì, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà bùbá, wọ́n á sì jókòó láti bínú sí ọkùnrin yìí fún odidi wákàtí kan.

Fíìmù Mẹ́síkò là ń pè é. Gbogbo eré tí irun àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ bá gùn dé ìdí, tí wọ́n sì ń sunkún lórí àtẹ̀gùn, fíìmù Mẹ́síkò ni lójú wa. Wọ́n ti fi òyìnbó bo ohùn wọn, tó jẹ́ pé ẹnu á ti pa dé tán kí ọ̀rọ̀ tó parí. Màámi ò gbọ́ òyìnbó ju èyí tí wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ipò kejì ni mo gbà ní kíláàsì, mo sì gbà pé kò sí òyìnbó tó lè kọjá agbára mi. Èyí tí mo bá gbọ́, mo túmọ̀ rẹ̀. Èyí tí mi ò bá gbọ́, mo wo ojú àwọn òṣèré, mo sì fi ọgbọ́n orí dí i.

Báyìí ni mo ṣe túmọ̀ Lìyónádò fún Màámi. Ó fi ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó sílẹ̀ ní abúlé, ó lọ sí ìlú ńlá, ó ń wọ kóòtù funfun, ó gbàgbé ilé. Nígbà tí ìyá náà ń kú lọ, wọ́n kọ lẹ́tà sí i. Mo rí lẹ́tà, mo rí iná, mo rí Lìyónádò tó gbé irun ojú rẹ̀ kan sókè tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó ti sun lẹ́tà náà, Màámi. Ó ní òun ò lọ." Màámi figbe ta bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àwọn àjèjì ló sin ìyá Lìyónádò. Ní ọ̀sẹ̀ tí eré náà máa parí, tiransifọ́mà àdúgbò wa gbiná, a kò sì rí iná fún bí oṣù kan. Bí ìtàn náà ṣe parí nílé wa nìyẹn: ìyá wà nínú ilẹ̀, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá ti ṣe àìdáa sí òbí rẹ̀ ládùúgbò, Màámi á ní Lìyónádò ni.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé bí kò bá sí ti Lìyónádò, mi ò lè ṣàlàyé ohun tí ojú mi rí ní Amẹ́ríkà.

*

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Temple Hills ni mo gbé, nínú yàrá abẹ́ ilé Àǹtí Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì kan tí ẹbí rẹ̀ àti ẹbí wa jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà n'Íbàdàn. Bí Àǹtí bá ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kò sí adìyẹ, kò sí aládùúgbò tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, kò sí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì. Mo lè gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Fèrèsé yàrá náà wà lókè lọ́hùn-ún, ó bá ilẹ̀ ìta dọ́gba, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni mo sì ń rí. Mo mọ obìnrin kan dáadáa láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, mi ò mọ ojú rẹ̀ títí di òní.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Awakọ̀ bi mí bóyá ara mi yá. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tó sì ń já bọ́, mo sáré bá Àǹtí pé wọ́n ti da májèlé sídìí àwọn igi àdúgbò o. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbára lé mọ́tò wọn. Wọ́n ní, "It's just fall, my dear. Wọ́n á tún hu padà. Ìwọ ṣáà tètè ra coat." Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Oṣù kẹrin ọdún kejì ni mo tó gbà, nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo ẹ̀ka tún ti wọ aṣọ, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Landover ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bàtà là ń kó sínú páálí. Mo máa ń dúró láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á wú tí kò fi ní wọ bàtà tèmi mọ́, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ gbogbo ayé sì ń gba ọwọ́ mi kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ní pápá ńlá tó wà nítòsí, ariwo àwọn èrò á rọra fẹ́ wọlé, á ròkè, á tún lọ sílẹ̀. Mo máa ń dijú díẹ̀, mo máa ń rò pé òkun ni, pé bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, màá rí etí omi, ẹnì kan á sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Màámi máa ń pè lójoojúmọ́ nígbà náà. Ìbéèrè kan ni wọ́n kì í gbàgbé: "Kí lo jẹ lónìí?" Mo máa ń ní, "Iyán ni, Màámi." Irọ́ ni. Búrẹ́dì ni mo jẹ nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ iyán, mo máa ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń balẹ̀. Irọ́ kékeré ló ń bí ńlá. Ní Kérésìmesì àkọ́kọ́, wọ́n bi mí bóyá ìwé ìgbélùú mi ti jáde. Kò jáde. Lọ́yà ṣì ń bá a fà, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde kúrò ní Amẹ́ríkà kí ìwé tó jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo sọ fún Màámi pé ó ti jáde. Wọ́n jó lórí fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n bọ́ síwájú ìjọ, wọ́n sì fi dúpẹ́.

Lọ́dún kẹta, Bàámi kú. Màámi ní kí n máa bọ̀ wá sin bàbá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé tí wọ́n ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ níwájú pẹpẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà lẹ́nu Ọlọ́run? Mo ní ibi iṣẹ́ kò gbà. Ibi tí a ń kó àpò wa sí ní ilé ìkẹ́rùsí ni mo dúró sí, tí mo ń wo ìsìnkú Bàámi lórí fóònù, lẹ́yìn náà mo padà sídìí páálí. Mo pe Màámi lọ́jọ́ kejì. Wọn kò pariwo, wọn kò ṣépè. Wọ́n ní, "Ó dáa. O ti di Lìyónádò."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Bí mo bá pè, wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa lo wà? A dúpẹ́. Gba, bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀." Ọdún mẹ́fà ló fi rí bẹ́ẹ̀.

*

Ènìyàn lè gbé ìlú kan títí kí ìlú náà má mọ̀. Mo gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, mo kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, mo yege, mo kúrò ní yàrá abẹ́ ilé lọ sí ibi tí fèrèsé ti ń fi ojú ènìyàn hàn. Lọ́jọ́ kan, àjèjì kan bi mí ní ọ̀nà, mo sì júwe rẹ̀ fún un láìronú. Inú mi dùn títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, bí mo bá ń rọra wakọ̀ kọjá láàárín àwọn ilé tó jọra wọ̀nyẹn, tí koríko wọn rí rẹ́múrẹ́mú, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo yá ara mi lò ni, pé ẹni tó ni ara náà ṣì wà ní Òkè-Àdó, ó ń dúró kí n dá a padà.

Lọ́dún tó kọjá ni ìwé ìgbélùú náà wá jáde ní tòótọ́. Káàdì kékeré báyìí. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo gbé e lé itan, mo ń wá ẹni tí màá pè. Ta ni màá pè? Wọ́n ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo tì í bọ inú àpò, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà ti là fún mi láti lọ sílé, ojú tí màá fi wo Màámi ni mi ò ní.

*

Ibi iṣẹ́ náà ni Springdale. Bàbá arúgbó kan ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú lọ́sàn-án, Don Anselmo ("Don" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lédè wọn), ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ olùkọ́. Àrùn kan ń gbọn ọwọ́ wọn, ó sì ń jí ohùn wọn gbé díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ohùn ṣàlàyé fún mi pé àrùn náà máa ń tan ẹni tó bá mú; onítọ̀hún á rò pé òun ń pariwo, ẹni tó jókòó tì í ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, iṣẹ́ mi ni kí n jẹ́ kí wọ́n máa ké "aaa" jáde pẹ̀lú gbogbo agbára wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, kí ohùn má bàa sùn lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ọbẹ̀ fún wọn. Wọn kò fẹ́ ẹ. Wọ́n yí ojú sí fèrèsé, wọ́n rọra gbé irun ojú òsì sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Lìyónádò."

Wọ́n yí padà, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá fi ohùn tó kéré bí ohùn kòkòrò bi mí lóyìnbó níbi tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn. Mo sọ fún wọn pé Ìbàdàn ni, pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ìyá mi máa ń ṣépè fún wọn. Ẹ̀rín pa Don Anselmo títí ikọ́ fi bá wọn dé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìtàn ayé wọn nìyẹn, lọ́sàn-án lọ́sàn-án, bí oòrùn ṣe ń gba inú kọ́tìnnì wọlé, tí àwo orin ń yí lórí ẹ̀rọ, tí mo sì ń fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn. Abúlé etí òkun kan ní erékùṣù Puẹ́tò Ríkò ni wọ́n bí wọn sí. Sálísà, orin ijó tó gbòde lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń gbe orin fún ẹlòmíràn tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré méjì. Lọ́jọ́ kan olórí ẹgbẹ́ kò dé, gbọ̀ngàn ti kún, wọ́n ní kí Anselmo lé orin. Ó lé e. Wọn ò jẹ́ kó padà sẹ́yìn mọ́. Àwo rẹ̀ jáde, ó tà, wọ́n ń gbé e ká láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tòun ti kóòtù funfun. Àwọn onífíìmù rí àwòrán ojú rẹ̀ lára páálí àwo, wọ́n ní irun ojú yẹn nìkan ti tó ìkà. Bó ṣe di Lìyónádò nìyẹn. Bó bá kọrin ìfẹ́ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á lọ hùwà ìkà níwájú kámẹ́rà. Ìyá ẹlẹ́ja kan fi ẹja tútù gbá a lójú ní ọjà, nítorí ohun tí Lìyónádò ṣe.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ gbogbo èyí. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ní ìdajì ayé, ojú wọn ni àwọn ènìyàn mọ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Olórin ni wọ́n, wọ́n sì gba ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọjá láìsí ẹni tó gbọ́ ohùn wọn. Mo ń ra ẹsẹ̀ wọn lọ, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń tòògbé, Springdale àti Òkè-Àdó sì ń wọnú ara wọn nínú oòrùn náà, tí mi ò fi mọ èyí tí mo wà.

*

Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní Springdale nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń lù n'Íbàdàn. Wákàtí yẹn ni mo pe ilé lọ́jọ́ kan. Àbúrò mi gbé fóònù fún Màámi, ojú wọn yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ṣé dáadáa lo wà? A dúpẹ́. Gba..." Don Anselmo ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn rìn kọjá lẹ́yìn mi.

Màámi ní, "Dúró. Ta ló kọjá lẹ́yìn rẹ yẹn?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà.

Òfin iṣẹ́ wa kò fi àyè gbà á pé kí a máa fi aláìsàn han ènìyàn lórí fóònù, nítorí náà mo pa fóònù lójú ẹsẹ̀, mo sì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ wọn obìnrin nígbà tó dé. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá náà ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣì wà ní Áfíríkà tó fẹ́ bá bàbá òun jà, kí onítọ̀hún máa bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Mo wá sọ fún Màámi pé Lìyónádò ni. Láti ìgbà náà, Màámi ló ń pè fúnra wọn. Bí aago méjì ààbọ̀ bá ti lù, Don Anselmo á ti ya irun, wọ́n á ti jókòó síwájú fóònù. Màámi á wò wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n á ní ta ló ń bá a fọ gbogbo kóòtù funfun ìjọ́sí yẹn. Wọ́n á ní kí ló dé tó gbá ẹni tó ń tọ́jú òdòdó létí. Wọ́n á ní ọmọbìnrin tó já jù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ṣé ó rò pé kò ní ìyá ni. Èmi ń túmọ̀ lọ, mo ń túmọ̀ bọ̀. Don Anselmo ń bá wọn jiyàn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó ń tọ́jú ohùn fi bi mí bóyá a ti yí oògùn padà.

Ṣùgbọ́n Lìyónádò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí ìjà bá parí, wọ́n á ní "Ó dáa, a dúpẹ́," wọ́n á sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ ń gba inú mi kọjá bí omi ṣe ń gba inú páìpù, kò sì kan páìpù lọ́fun. Ó dùn mí. Mo jókòó láàárín àwọn méjèèjì lójoojúmọ́, mo sì ń jowú arúgbó.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Màámi ní, "Bi í kó sọ fún mi. Kí ló dé tí kò lọ sin òbí rẹ̀?" Don Anselmo kọ́ ni wọ́n ń wò. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ya Don Anselmo lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ó lọ. Kò rí lẹ́tà náà ni. Àǹtí ìyàwó rẹ̀ ló gbà á, òun ló sun ún. Nígbà tí Lìyónádò gbọ́, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ibojì ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ya ìrìn yẹn." Wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ hàn mí. Àpá gígùn kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń fi òróró ra láti ìgbà òtútù láìbéèrè.

Lẹ́tà, iná, ẹ̀rín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mú mẹ́ta pọ̀, ó ti sọ ọ́ di ìtàn. Màámi ti fi ìtàn náà kórìíra ẹni tí kò ṣẹ̀, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ dá mi lẹ́bi.

"Kí ló wí?" Màámi ń dúró.

Mo ní, "Wọ́n ní... wọ́n ní kí ẹ má bínú."

"Kó lọ bẹ ìyá rẹ̀." Wọ́n pa fóònù.

Don Anselmo bi mí ohun tí ìyá mi wí nípa ìrìn ẹsẹ̀ lásán. Mo ní inú wọn dùn. Òṣèré ni bàbá yìí; wọ́n mọ ẹni tí kò mọ eré ṣe. Wọ́n gbé irun ojú sókè, wọ́n rọra sọ pé èmi náà ti wá fi ohùn bo ohùn àwọn. Wọn kò bínú. Ìyẹn gan-an ló pa mí lára.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo rò ó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá sọ pé Lìyónádò lọ síbi ibojì ìyá rẹ̀, ó ku èmi nìkan tí kò lọ. Àfi kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá sì sọ ìdí rẹ̀, Màámi á mọ̀ pé lórí irọ́ ni wọ́n ti dúró níwájú ìjọ, wọ́n sì lè má gbé fóònù mi mọ́ láé.

*

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí aago mẹ́ta lù, mo yí fóònù kúrò lójú Don Anselmo sí ojú ara mi.

Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo túmọ̀ lódì fún yín. Lìyónádò kò sun lẹ́tà. Kò rí i. Ó lọ síbi ibojì ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn. Ọmọdé ni mí, mi ò gbọ́ òyìnbó náà, mo kàn wí tẹnu mi."

Mo ń gbọ́ fáànù tó ń yí lẹ́yìn wọn.

"Ta ló wá sun lẹ́tà tìrẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sun ún, Màámi. Mo gbọ́ ìpè yín. Ìwé ni mi ò ní. Lọ́jọ́ tí mo ní ó ti jáde, kò tí ì jáde. Bí mo bá wá sin Bàámi, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé síbí mọ́. Ojú tì mí láti sọ."

"Mo fi dúpẹ́ níwájú ìjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo ló wá jáde?"

"Lọ́dún tó kọjá."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Màámi wo ibì kan tí mi ò lè rí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "O gba ìwé, kò sì sẹ́ni tó bá ẹ yọ̀."

Ẹkún tí mi ò sun níbi páálí bàtà ní Landover ló wá gbọ̀n mí lórí àga ní Springdale. Don Anselmo kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí, wọ́n wo aago, wọ́n sì pinnu pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn lè gbà ràn mí lọ́wọ́ ni kí àwọn ṣe iṣẹ́ tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe. Wọ́n ké "aaa" jáde. Wọ́n tún ké e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn náà yí, ó di orin, ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọ́n fi ń kún gbọ̀ngàn nígbà èwe wọn. Ó ń gbọ̀n, ó ń fẹ́ já, kò já.

Màámi pa ojú dé, wọ́n tẹ́tí sí i títí ó fi tán.

"Ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn?"

"Ohùn wọn nìyẹn, Màámi."

"Ti ẹni tó ń fi òyìnbó bò ó níjọ́sí yẹn ò tó o. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má bínú."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Don Anselmo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n lé àyà, wọ́n sì tẹrí ba sí fóònù.

Mo ti ń retí "Ó dáa, a dúpẹ́." Màámi sún mọ́ fóònù tí ojú wọn fi kún gbogbo rẹ̀.

"Kí lo jẹ lónìí?"

Iyán ti dé ẹnu mi fúnra rẹ̀. Mo gbé e mì.

"Búrẹ́dì, Màámi. Nínú mọ́tò, láàárọ̀."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

"Dìde, lọ wá nǹkan jẹ. Má pa fóònù náà o."

Mo lọ sí ilé ìdáná. Mo bu ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú tí ọmọ Don Anselmo máa ń fi sílẹ̀ fún mi, tí mi kì í jẹ. Mo gbé fóònù ti agolo ṣúgà lórí tábìlì, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. N'Íbàdàn, Màámi pa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tì. Wọ́n fa àga, wọ́n gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà bùbá, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń wò mí.